Ìdìmú Tí Kì Í Pẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Gáàsì N₂O àti Àwọn Tí Ó Ń Bá Pàdé Nínú Afẹ́fẹ́

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ fi oko sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ òní, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ti Ìyàrá, Mọ̀pà àti Ìsánlú wá bá wa ní Kàbà níhìn-ín, mo kí gbogbo yín: ọ̀kun o. Ìbéèrè àgbẹ̀ kan ni ó bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó kọjá ń rọ̀, mo ń ṣàlàyé fún àwọn àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Ìjùmú pé díẹ̀ lára yúríà tí a ń dà sí ìdí àgbàdo máa ń di gáàsì, tí yóò sì bá afẹ́fẹ́ gòkè lọ. Bàbá kan dá mi dúró, ó ní: "Tíṣà, òjò tí ó ń fọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú ọ̀run, kí ló dé tí kò lè fọ gáàsì yẹn wálẹ̀?" Mo dá wọn lóhùn pé òjò kì í fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n n kò sọ ìdí rẹ̀, nítorí pé ìdí náà gùn ju ohun tí ènìyàn lè sọ ní ìdúró lábẹ́ igi káṣú. Lónìí, a ní àga, a sì ní àkókò.

Orúkọ gáàsì náà ni náítrọ́ọ̀sì ọ́ksáídì. N₂O ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń kọ. Átọ́ọ̀mù mẹ́ta ni ó wà nínú mólékù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tò gbọọrọ bí ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta lórí okùn kan: náítrójìn ní ìpẹ̀kun, náítrójìn láàárín, ọ́ksíjìn ní ìpẹ̀kun kejì. Joseph Priestley, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1772. Nígbà tí ọ̀rúndún náà ń parí lọ, Humphry Davy fà á símú, ó sì rí i pé ó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni orúkọ gáàsì ẹ̀rín ti wá, àwọn oníṣègùn eyín sì ń lò ó títí di òní. Ẹ̀rín yẹn kò kàn wá lónìí. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbilẹ̀ láyé, bí ẹ bá ka bílíọ̀nù kan mólékù nínú afẹ́fẹ́, nǹkan bí 270 ni ẹ ó rí tí ó jẹ́ N₂O. Nísinsìnyí, wọ́n ti ju 335 lọ. Iye yẹn lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan létí yín, ṣùgbọ́n kílò kan N₂O ń dá ooru dúró mọ́ ayé ní ìlọ́po 273 ju kílò kan kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì lọ, bí a bá fi ọgọ́rùn-ún ọdún wọn àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpò yúríà kan ṣe ìṣirò, àpò oníkílò 50 tí gbogbo wa mọ̀. Ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni náítrójìn, èyí tí ó jẹ́ kílò 23. Bí òjò bá rọ̀ lé e tí ilẹ̀ rin gbingbin, tí afẹ́fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ inú rẹ̀ mọ́, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ́ksíjìn lára ohun tí yúríà ti dà, wọn á sì máa dá náítrójìn rẹ̀ padà sínú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. N₂O ni èyí tí ó já bọ́ lójú ọ̀nà kí iṣẹ́ náà tó parí. Òṣùwọ̀n ìpìlẹ̀ tí IPCC, àjọ àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, gbé kalẹ̀ ni pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún náítrójìn tí a bá dà sílẹ̀ ni yóò di N₂O. Ìdá kan nínú kílò 23 kò tó ìdámẹ́rin kílò, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ka ọ́ksíjìn tí ó so mọ́ ọn, tí a sì sọ ọ́ di ìlọ́po 273, ó súnmọ́ ooru kílò 100 kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì. Orí àpò kan ṣoṣo ni mo ń sọ. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má lo ajílẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣá kò rí ọ̀nà mìíràn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ bí ẹrù tí ń gòkè náà ṣe tó kí a tó bi ara wa léèrè bóyá ohunkóhun wà lókè tí ó lè dì í mú.

Ohun tí ó lè dì í mú kò ju méjì lọ. Èkínní ni ìsopọ̀ tí ó so átọ́ọ̀mù mọ́ átọ́ọ̀mù nínú mólékù, tí mo máa ń fi wé ìgbéyàwó: wọ́n ti jọ ń ná owó kan náà, èyíinì ni ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù, kí wọ́n tó sì lè pínyà, ọ̀rọ̀ ńlá ti ṣẹlẹ̀. Èkejì ni ìdìmú tí ń bẹ láàárín mólékù kan àti òmíràn, tí olúkúlùkù wọn ti ní ilé tirẹ̀. Èyí dà bí ìkíni wa. Ẹ mọ̀ pé ará Owé, Yàgbà, Ìjùmú tàbí Bùnú kò lè kọjá lára ènìyàn lójú ọjà kí ó má kí i pé ọ̀kun; nítorí ìkíni yìí gan-an ni àwọn ẹlòmíràn ṣe ń pè wá ní Ọ̀kun. A ó dúró, a ó béèrè ilé, a ó béèrè ọmọ, a ó sì kọjá. A kò fẹ́ ara wa, ṣùgbọ́n a kò ṣe bí ẹni pé a kò rí ara wa. Johannes van der Waals, ará Netherlands, ni ó sọ ọ́ síta ní 1873 pé mólékù gáàsì ń fa ara wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1910. Ó di 1930 kí Fritz London tó ṣàlàyé ibi tí ìfàmọ́ra náà ti ń wá láàárín àwọn mólékù tí kò ní ìhà pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù kankan: ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù kì í dúró jẹ́ẹ́, nígbà tí ti ọ̀kan bá sì rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ti aládùúgbò rẹ̀ a rọ́ tẹ̀lé e, wọn a sì fa ara wọn fún àkókò tí ó kúrú ju èyí tí a lè fi ẹnu sọ lọ.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì hàn nínú òṣùwọ̀n. Láti já ọ́ksíjìn kúrò lára N₂O, a ní láti ná nǹkan bíi kílójúùlù 167 fún móólù kan; kílójúùlù ni a fi ń wọn agbára, móólù sì ni a fi ń ka mólékù. Láti já náítrójìn kúrò lára náítrójìn nínú rẹ̀, ó tó 480. Láti tú mólékù N₂O méjì tí wọ́n di ara wọn mú, kò tó mẹ́wàá. Láti tú N₂O kan kúrò lára argon kan, gáàsì tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ wa, kò ju méjì sí mẹ́ta lọ. Ooru ọ̀sán Kàbà fúnra rẹ̀, tí ń jó mólékù kiri láìsinmi, tó nǹkan bíi kílójúùlù méjì ààbọ̀. Ẹ rí i pé argon àti N₂O tí wọ́n di ara wọn mú lọ́sàn-án gangan dà bí ẹni méjì tí ó di ọwọ́ ara wọn mú láàárín ìjà: bí wọ́n ṣe ń dì í mú ni ẹlòmíràn ń já wọn.

Òfin mìíràn tún wà, tí mo rò pé àwọn olùkọ́ físíìsì kì í sábà sọ fún akẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni òun gan-an ni ó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni méjì kò tó láti di ara wọn mú nínú afẹ́fẹ́. Bí mólékù méjì bá sáré pàdé, eré tí wọ́n bá wá náà ni yóò tún ya wọ́n, gẹ́gẹ́ bí bọ́ọ̀lù méjì tí ó forí gbárí lórí ilẹ̀ dídán. Agbára náà kò rí ibi tí yóò lọ. Àfi kí mólékù kẹta kọjá lákòókò yẹn gan-an, kí ó gba díẹ̀ nínú eré wọn lọ, kí ó fi wọ́n sílẹ̀ ní jẹ́jẹ́ kí wọ́n lè dúró pọ̀. Ìdí nìyí tí irú ìdìmú bẹ́ẹ̀ fi ń fẹ́ èrò púpọ̀, tí ó sì tún ń fẹ́ òtútù.

Báwo wá ni a ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń dúró, nígbà tí wọn kì í pẹ́? Ẹni tí ó bá ti tú afẹ́fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ tí ó kún dáadáa yóò rí i pé afẹ́fẹ́ tí ń jáde náà tutù lọ́wọ́ òun. Gáàsì tí ó wà nínú ìhámọ́, tí ó ń jáde lọ síbi tí àyè gbà á, máa ń tutù. Àwọn onímọ̀ mú ọgbọ́n kan náà le: wọ́n pò N₂O díẹ̀ mọ́ gáàsì hẹ́líọ̀mù tàbí argon púpọ̀, wọ́n fi ìfúnpá ńlá tì í gba inú ihò bíńtín jáde sínú àpótí tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, òtútù ibẹ̀ sì ń sọ̀kalẹ̀ títí yóò fi ku ìwọ̀nba díẹ̀ kí ó kan òpin òtútù tí kò sí ohun tí ó tutù jù ú lọ mọ́. Níbẹ̀, àwọn mólékù a di ara wọn mú, kò sì sí ooru tí yóò já wọn. Wọ́n á wá máa yí bí òkòtó. Gbogbo ọmọ tí ó bá ti ta òkòtó mọ̀ pé èyí tí ó sanra láàárín kò yí bíi ti èyí tí ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni yíyí mólékù méjì tí ó so pọ̀ ṣe ń sọ bí wọ́n ṣe tò, ìgbì rédíò àti ìtànṣán ooru sì ni a fi ń gbọ́ yíyí náà.

Ohun tí wọ́n rí lẹ́wà. Argon, tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ rí róbótó tí kò sì ní ìhà kankan, kì í lọ dúró ní ìpẹ̀kun N₂O. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó máa ń dúró sí, kí ó lè súnmọ́ gbogbo ara rẹ̀, àwòrán tí wọ́n jọ ṣe sì dà bí lẹ́tà T. N₂O méjì a máa sùn ti ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í dọ́gba: ọ̀kan sún síwájú díẹ̀, orí ẹnì kan sì kọjú síhà ẹsẹ̀ ẹnì kejì, bí ọmọ méjì tí ó sùn sórí ẹní tóóró. Ti omi ni ó ṣòro jù. William Klemperer àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Harvard gbé ìwọ̀n rẹ̀ jáde ní 1992. Ọ́ksíjìn omi kọjú sí náítrójìn àárín, ọ̀kan nínú háídrójìn omi náà sì tẹ̀ síhà ọ́ksíjìn N₂O, bí ẹni tí ó fẹ́ na ọwọ́ sí i ṣùgbọ́n tí ọwọ́ náà kò dé dáadáa. Àwọn háídrójìn méjèèjì tún ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn: èyí tí ó nawọ́ lẹ́ẹ̀kan, èkejì ni yóò nawọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Kí ló dé tí ọwọ́ náà kò dé? Mólékù omi ní ìhà pọ́sítíìfù àti ìhà nẹ́gétíìfù tí ó hàn kedere; bí a bá fi òṣùwọ̀n débye wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 1.85. Ti N₂O jẹ́ 0.16 péré. Omi rí i, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí yóò gbá mú. Ẹ fi wé amóníà, gáàsì tí ń rùn tùù lára yúríà tí ó ti rin: òun ní ibi tí omi lè fọwọ́ lé, omi sì lè sọ ọ́ di ohun mìíràn, nítorí náà, òjò ń fọ̀ ọ́ wálẹ̀ dáadáa. Eruku ọyẹ́ nìyẹn náà. Ẹ̀kán òjò kan lè gbá a mọ́ra bí ó ti ń jábọ̀. Ní ti N₂O, ó lè wọ inú omi díẹ̀, ṣùgbọ́n omi kì í bá a ṣe ohunkóhun tí yóò yí i padà, nígbà tí ó sì ṣe pé nǹkan bí 335 nínú bílíọ̀nù kan ni gbogbo rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, èyí tí òjò lè gbé sọ̀kalẹ̀ kò tó kà. Kódà, èyí tí ó bá òjò wọ inú odò yóò tún tú jáde. Ìdáhùn ìbéèrè bàbá náà nìyẹn: omi ń kí i, omi kì í dá a dúró.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò sọ pé bí ìkíni náà bá pọ̀, ó lè tó nǹkan. Ẹ jẹ́ kí a ka iye. Omi àti omi di ara wọn mú lágbára ju bí omi ṣe di N₂O mú lọ, síbẹ̀, nínú afẹ́fẹ́ ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, nínú ẹgbẹ̀rún kan mólékù ooru omi, nǹkan bí ọ̀kan péré ni a máa ń bá ní méjìméjì. Ti omi àti N₂O kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún 335 nínú bílíọ̀nù kan kò tó odidi ọ̀kan. Ẹ ka bílíọ̀nù kan mólékù nínú afẹ́fẹ́ inú gbọ̀ngàn yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí ẹyọ kan ṣoṣo tí omi àti N₂O ti di ara wọn mú.

Òtútù wá ńkọ́? Lókè wa níbí, ní nǹkan bíi kìlómítà 16 sí 17, òtútù náà lè tó ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 80 lábẹ́ òdo. Òun ni ó tutù jù ní gbogbo ìsàlẹ̀ òfuurufú wa. Bí ó bá ṣe pé òtútù nìkan ni ó ń so mólékù pọ̀, ibẹ̀ ni ìdìmú yóò ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ooru omi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ti fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìfúnpá rẹ̀ fi jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ilẹ̀. Òǹlàjà kẹta tí yóò gba eré ẹni méjì lọ ṣọ̀wọ́n. Ibi tí ó tutù kò ní èrò, ibi tí èrò wà kò tutù.

Èmi kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ń sọ pé àwọn mólékù alásopọ̀ yìí fúnra wọn ni yóò yí ìṣirò ooru ayé padà. Iye wọn kò gbè é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá torí èyí sọ pé ìdìmú náà kò já mọ́ nǹkan ti ṣe àṣìṣe tí ó tóbi jù, nítorí pé àwọn tí ó pàdé ṣùgbọ́n tí wọn kò dúró pọ̀, iye wọn pọ̀ lọ́nà tí kò ní àfiwé ju àwọn tí ó dúró pọ̀ lọ, agbára kan náà ni ó sì ń fa gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi obìnrin kan ṣàpẹẹrẹ, tí ó ru igbá iṣu gbígbẹ láti oko bọ̀ wá sí ọjà, tí ó ń kọ orin wúyẹ́wúyẹ́ bí ó ti ń bọ̀. Ní ojú ọ̀nà oko, kò sí ẹlòmíràn; ẹni tí ó bá dúró sórí òkè yóò gbọ́ orin náà ṣinṣin, yóò sì lè sọ ohùn tí ó fi ń kọ ọ́. Nígbà tí ó bá wọ ọjà, ẹnì kan á kí i, orin á já. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn tún kí i. Kò sí ẹni tí ó dá a dúró pẹ́, kò sí ẹni tí ó gba igbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lórí òkè kò lè sọ ohùn náà gẹ́lẹ́ mọ́. Ohun tí ó ń gbọ́ ti fẹ̀. N₂O náà ní orin tirẹ̀. Átọ́ọ̀mù rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbọ̀n lórí okùn wọn, ìtànṣán ooru tí ó bá sì ṣe déédéé pẹ̀lú gbígbọ̀n wọn, pàápàá ti àgbègbè 4.5 àti 7.8 máíkírọ́mítà, ni wọ́n ń gbà mọ́ra. Ní ìsàlẹ̀ níhìn-ín, mólékù kan ń pàdé àwọn mìíràn ní ìgbà bílíọ̀nù mélòó kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìpàdé kọ̀ọ̀kan ń já orin náà, ìlà tí ó yẹ kí ó tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń fẹ̀.

Bí ó ṣe ń fẹ̀ tó, òun ni ọ̀rọ̀ ìdìmú. Argon ń já orin náà ní ọ̀nà tirẹ̀, náítrójìn ní ọ̀nà tirẹ̀, ọ́ksíjìn ní ọ̀nà tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí agbára tí ó fi ń fa N₂O. Ẹni tí ó bá mọ bí N₂O àti náítrójìn ṣe ń dúró nínú òtútù àpótí yẹn ti ní ọwọ́ sí ìṣirò bí wọn yóò ṣe já ara wọn lórin nínú ooru ọjà. Nínú afẹ́fẹ́ wa ní ìsàlẹ̀, ìdajì fífẹ̀ ìlà náà máa ń wà ní nǹkan bíi 0.08 nínú òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ìtànṣán ń lò, tí wọ́n fi ń ka iye ìgbì inú sẹ̀ntímítà kan. Wọ́n to irú iye bẹ́ẹ̀ jọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà sínú àkójọ tí wọ́n ń pè ní HITRAN, kí gbogbo ayé lè rí i lò.

Ohun tí wọ́n ń lò ó fún ni ó yẹ kí ó jọ àwọn ọmọ ilé-ìwé lójú jù. Sátẹ́láìtì Aura, tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ ní 2004, ru ẹ̀rọ kan tí ń gbọ́ ìgbì tí N₂O ń gbé jáde láti etí òfuurufú. Ìlà tí ó bá fẹ̀ ti àárín èrò wá. Ìlà tí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́ ti ibi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ wá. Fífẹ̀ náà wà lára ohun tí ẹ̀rọ fi ń mọ gíga tí gáàsì náà wà, láìfi àkàbà gùn ún. Bí a bá ṣi ìwọ̀n ìdìmú wò, a ó ṣi gíga kà, a ó sì sọ pé gáàsì tí ó wà ní ìsàlẹ̀ wà lókè.

Gbogbo ìkíni wọ̀nyẹn kò dá N₂O dúró títí yóò fi kọjá ibi òtútù tó wà ní kìlómítà 16 sí 17 yẹn, tí yóò bọ́ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti mú. Níbẹ̀ ni ohun tí ó lè já ìgbéyàwó inú rẹ̀ wà. Ìtànṣán oòrùn tí ojú kò rí ń pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ run, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Átọ́ọ̀mù ọ́ksíjìn kan tí ó gbóná janjan sì ń kọ lu ìyókù, lára èyí tí náítríìkì ọ́ksáídì ti ń jáde, èyí tí Paul Crutzen fi hàn ní 1970 pé ó ń jẹ ósóònù tí ó bo ayé. Crutzen wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel nítorí ọ̀ràn ósóònù ní 1995. Ìrìn àjò yẹn ń gba N₂O ní nǹkan bí 116 ọdún ní ìpíndọ́gba. Nínú N₂O tí ó tú jáde láti ilẹ̀ yìí ní ọdún 1960, nígbà tí a gba òmìnira, ó ju ìdajì lọ tí ó ṣì wà lókè títí di òní, tí òjò ń kí i ní gbogbo ọdún.

Mo ti padà lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá náà ní oṣù tó kọjá, mo sì sọ èyí fún wọn. Wọ́n rò ó fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá bi mí pé bí òjò kò bá lè mú un, ṣé kò wá yẹ kí àwọn dúró kí òjò dá díẹ̀ kí àwọn tó da yúríà, kí àwọn sì bò ó mọ́lẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.